Orí Kẹfà: Bí Omi Bá Dúró Nínú Ẹ̀rọ Ìfọbọ́

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìfọbọ́ láti kó àwo jáde, ẹ wá bá omi nílẹ̀ rẹ̀. Omi náà dọ̀tí, ọ̀rá léfòó lórí rẹ̀, èérún ìrẹsì àti èèpo ata ń yí kiri nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà á ti dáṣẹ́ dúró láàárín, iná kékeré kan á máa ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Nígbà mìíràn á ti parí iṣẹ́, abọ́ á mọ́ lójú, àmọ́ wọn á máa rùn. Èyí tó wù kó jẹ́, omi tó wọlé kò rí ọ̀nà jáde ni.

Ní Ore, ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ni ìṣòro yìí ti máa ń dunni jù. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Benin gba ìlú náà kọjá, ọ̀nà tó ti Oǹdó bọ̀ tó ń lọ sí Òkìtìpupa sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń gbé èrò lọ sí ìlà-oòrùn a máa dúró kí èrò lè jẹun. Bí bọ́ọ̀sì méjì bá já èrò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wákàtí kan tó pé, abọ́ ti kún ilẹ̀ ilé ìdáná. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ìfọbọ́ síbẹ̀, nítorí irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rà á. Bí ẹ̀rọ náà bá wá dá omi dúró lọ́sàn-án gangan, àdánù ńlá ni. Ní ilé àwọn ènìyàn, yálà ní Ore tàbí ní Odigbo, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ẹ máa bá jù. Mo máa sọ̀rọ̀ nípa òun náà kí orí yìí tó parí, torí pé bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe ń da omi nù, àfi oríṣi kan tó yàtọ̀.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ilé oúnjẹ ló ń ṣáájú ilé àdáni nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Josephine Cochrane, obìnrin ará Shelbyville ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún tirẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1886. Ó gbé e lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Chicago ní ọdún 1893, àwọn olótẹ́ẹ̀lì àti àwọn onílé oúnjẹ ló sì kọ́kọ́ ń rà á. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó tó wọ ilé àwọn ènìyàn dáadáa.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹni tí ìṣòro yìí bá dé bá kò ju ọ̀kan lọ: ẹ tẹ̀ lé omi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ níbi tó dúró sí, kí ẹ máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ títí dé ibi tí ilẹ̀ ti ń mu ún. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ni wọ́n ń yọ dànù tí kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó dí ọ̀nà níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Wọ́n á fi tuntun sí i, wọ́n á gbowó lọ, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì omi á tún dúró.

Ọ̀nà tí omi ń gbà

Omi tó bá ti fọ abọ́ tán á ṣàn wálẹ̀ sínú asẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ. Kòtò kékeré kan wà lábẹ́ asẹ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ kòtò náà sì ni pọ́ǹpù tó ń ti omi síta wà. Pọ́ǹpù á ti omi sínú họ́ọ̀sì, họ́ọ̀sì á gbé e gòkè lọ sábẹ́ síǹkì, á dà á sínú páìpù síǹkì, páìpù náà á sì gbé e lọ sí sọ́kàwéè tàbí gọ́tà. Bí nǹkan bá dí ibikíbi lójú ọ̀nà yìí, inú ẹ̀rọ ni ẹ ó ti rí i, bí ohun tó dí i tilẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Omi díẹ̀ tó máa ń kù nínú kòtò yẹn kì í ṣe àìsàn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí rọ́bà inú ibẹ̀ má baà gbẹ kó sì là. Ìgbà tí omi bá bo asẹ́ mọ́lẹ̀ ló tó di ọ̀ràn.

Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́

Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri. Pípa suwíìṣì nìkan kò tó. Iná BEDC, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NẸ́PÀ, kì í sọ ìgbà tó ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá tún ní jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter tó ń yí ara rẹ̀ padà bí iná bá lọ, iná lè wọlé nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú omi. Bí púlọ́ọ̀gì bá ti wà nílẹ̀, tí ẹ sì ń fojú rí i, ọkàn yín á balẹ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn. Gíláàsì tó bá fọ́ nínú ẹ̀rọ, ìsàlẹ̀ kòtò ni èérún rẹ̀ ń lọ, omi dúdú kò sì ní jẹ́ kéèyàn rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ pé kó ṣáà tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwọ ìbọ̀wọ́.

Ẹ wá fi ife gbọ́n omi náà sínú garawa, kí ẹ fi aṣọ tàbí kàn-ìn-kàn-ìn fa ìyókù. Ẹ má sáré dà á nù. Ẹ wò ó dáadáa, torí omi inú garawa yẹn á sọ ọ̀pọ̀ nǹkan fún yín. Bó bá jẹ́ ìfófòó ọṣẹ ló kún inú rẹ̀, ọṣẹ tí ẹ lò ni kí ẹ fura sí. Bí èérún oúnjẹ bá pọ̀ nínú rẹ̀, asẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Bí omi náà bá ń rùn bíi gọ́tà, tàbí tí ẹ rí ohun tí ẹ dà sínú síǹkì láìpẹ́ nínú rẹ̀, bí ewé ẹ̀fọ́ tí ẹ ń ṣan, a jẹ́ pé omi ń padà wọlé láti ìdí síǹkì, ẹ̀rọ yín lè má mọwọ́ mẹsẹ̀.

Asẹ́ àti kòtò tó wà lábẹ́ rẹ̀

Asẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń yí sí apá òsì kó tó yọ. Ó máa ń jẹ́ apá méjì tàbí mẹ́ta: èyí tó rí bí agolo, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti èyí tí ihò rẹ̀ kéré jù, tó ń dá èérún dúró. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, kí ẹ wá gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ láti inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ náà, kò tíì mọ́. Ọ̀rá tó dì sí ojú ihò náà kò ní àwọ̀, ojú lásán lè rò pé ó ti mọ́.

Oúnjẹ wa ní ìwà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí, ìwé ìlò tí wọ́n kọ ní Jámánì kò sì ní sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀bà ló burú jù nínú gbogbo wọn. Gaàrí ń wú nínú omi, omi gbígbóná sì ń sọ ọ́ di lẹ́ẹ̀. Abọ́ ẹ̀bà márùn-ún tí wọn kò nù kí wọ́n tó kó wọn sínú ẹ̀rọ lè dí ojú asẹ́ pátápátá. Èèpo ẹ̀wà àti èèpo tòmátò kì í wú, àmọ́ wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ihò bí ọ̀rá. Egungun ẹja kéékèèké àti igi ìtayín ló ń gba ẹ̀gbẹ́ asẹ́ kọjá bí asẹ́ kò bá jókòó dáadáa, ìdí pọ́ǹpù ni wọ́n sì ń lọ. Bébà ara ìgò àti ara agolo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: omi gbígbóná á bọ́ ọ, á rọ̀, á wé mọ́ nǹkan.

Bí ẹ bá ti yọ asẹ́, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú kòtò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti Yúróòpù wá, ẹ ó rí ìdérí rọ́bà líle kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. Ìdérí pọ́ǹpù nìyẹn. Ẹ fi ìdí ṣíbí yí i sókè jẹ́jẹ́, yóò yọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fáànù kékeré tó ń ti omi wà. Ẹ fi ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ yí i. Kò ní yí geerege; á máa fò díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan kan ń dì í mú tó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń kọni lóminú ni kó má yí rárá, tàbí kó máa yí wọ́ọ̀rọ̀wọ́ láìsí ìdènà kankan. Bí kò bá yí rárá, nǹkan há a lọ́rùn. Bó bá ń yí wọ́ọ̀rọ̀wọ́, ó lè jẹ́ pé fáànù náà ti já kúrò lára ọ̀pá rẹ̀.

Mo wà nílé oúnjẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí irú ìdérí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń kùn bí wọ́n bá tàn án, omi kò sì lọ. Wọ́n ti sọ fún ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà pé pọ́ǹpù ti jóná, wọ́n sì ti dárúkọ owó rẹ̀. Ọmọkùnrin tó wá tún un ṣe kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó yọ asẹ́, ó yọ ìdérí, ó fi púláyà ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ fa nǹkan kan jáde, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́: ààbọ̀ igi ìtayín, bébà ara ìgò tó ti wé mọ́ ọn, òwú tó jọ ti aṣọ ìnuwọ́. “Màámi, ẹ wo ohun tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín,” ló wí. Màámi gbà á, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n sì ní kí gbogbo ọmọ tó ń fọ abọ́ wá wò ó níkọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni àpótí ìdalẹ̀nù kékeré ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń nu àwo sí kí wọ́n tó tò ó.

Bí ẹ bá dá ìdérí padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa dún kọ́. Bí kò bá wọlé dáadáa, pọ́ǹpù á máa yí lásán, omi kò ní lọ. Lójú ẹ̀rọ Bosch, E25 ni yóò kọ bí nǹkan bá há sí pọ́ǹpù tàbí tí ìdérí náà kò jókòó. E24 túmọ̀ sí pé ìdènà wà níwájú, ní họ́ọ̀sì tàbí síǹkì. Siemens àti Neff ń lo àwọn àmì kan náà, torí ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ E15, omi ti jò sínú àwo tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà ni, pọ́ǹpù á sì máa ṣiṣẹ́ láìdúró kí ilé má baà kún fún omi. Àwọn kan máa ń dà á sẹ́yìn kí omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ṣàn jáde, àmì náà á sì lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ń jò kò tíì dí. Ẹ wá a.

Họ́ọ̀sì

Bí inú ẹ̀rọ bá mọ́, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fa ẹ̀rọ síwájú díẹ̀ kí ẹ wo họ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n bá ti ẹ̀rọ mọ́ ògiri, ó rọrùn kí họ́ọ̀sì ká tàbí kó tẹ̀ pa pọ̀, àgàgà bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ilẹ̀ ilé ìdáná tí wọ́n sì dá ẹ̀rọ padà ní kánjúkánjú.

Gíga rẹ̀ ṣe pàtàkì. Họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́ pátákó síǹkì, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá páìpù. Gígòkè yẹn ni kì í jẹ́ kí omi ìdọ̀tí síǹkì padà sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kó má ga jù pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù kò lè ti omi kọjá nǹkan bíi mítà 1. Ní ilé tí kò sí síǹkì nítòsí, mo ti rí i tí wọ́n lu ògiri, tí wọ́n fi họ́ọ̀sì gùn lé họ́ọ̀sì, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ lọ sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Wàhálà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Bó bá gùn ju nǹkan bíi mítà 4 lọ, agbára pọ́ǹpù kò ní tó o mọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ, omi lè máa fa ara rẹ̀ jáde nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rọ á máa fa omi tuntun láìdúró, táǹkì orí òrùlé á sì gbẹ. Bí ẹnu rẹ̀ bá sì rì sínú omi gọ́tà, ìdọ̀tí ibẹ̀ á kóra jọ sí i lẹ́nu. Agbọ́n àti aáyán tún fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju pé kó gba ìta, ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà ri páìpù ńlá tó dúró ṣánṣán mọ́ ògiri níta, kí ẹnu rẹ̀ ga tó ìbàdí, kí ẹ fi họ́ọ̀sì kọ́ ọn lẹ́nu.

Láti mọ̀ bóyá họ́ọ̀sì dí, ẹ tú u kúrò lára síǹkì, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ garawa tó wà nílẹ̀. Ẹ da omi díẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí ẹ wá tàn án, kí ẹ yàn án sí ibi tí yóò ti da omi nù. Bí omi bá jáde gìrìgìrì sínú garawa, ẹ̀rọ àti họ́ọ̀sì dára. Síǹkì ni kí ẹ bá wí. Bó bá ń kán tóótóó, ẹ tú họ́ọ̀sì lára ẹ̀rọ pẹ̀lú, kí ẹ gbé e síta, kí ẹ fi omi táǹkì tó ń sáré fọ inú rẹ̀ láti òdì kejì. Epo á jáde. Agbègbè ọ̀pẹ ni wá, láti Ararọ̀mí-Obu títí dé Òkìtìpupa, ọbẹ̀ wa sì kì í fi epo ṣeré. Epo pupa kì í yọ́ tán bí ooru kò bá tó nǹkan bí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi ẹ̀rọ ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìdí nìyí tí epo fi ń kúrò lára abọ́. Ìgbà tó bá dé inú họ́ọ̀sì àti páìpù tó ti tutù, ó dì. Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, ihò á kéré títí tí kò fi ní gba ìka ọwọ́ ọmọdé.

Síǹkì, sọ́kàwéè àti òjò

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá ni, tí kò sì tíì da omi nù lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ wo ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ páìpù síǹkì. Páìpù tuntun máa ń ní ìdérí ike níbẹ̀, èyí tó yẹ kí púlọ́ńbà gé kúrò kó tó so họ́ọ̀sì mọ́ ọn. Bó bá gbàgbé, omi kò ní lọ láéláé. Àwọn ará wa tó wà ní Houston tàbí Chicago máa ń pàdé ẹ̀yà rẹ̀ lára ẹ̀rọ tó ń lọ ìdọ̀tí oúnjẹ lábẹ́ síǹkì wọn: ìdérí kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi òòlù lù jáde.

Ẹ da odidi garawa omi kan sínú síǹkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí omi náà bá dúró tàbí tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ ìfọbọ́ sílẹ̀. Ẹ tú ìsàlẹ̀ páìpù síǹkì tó tẹ̀ kọdọrọ, kí ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù. Bí ibẹ̀ náà bá mọ́, sọ́kàwéè ló kù.

Láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa. Inú igbó òjò ni Ore àti Odigbo wà. Ilẹ̀ tó ti mu omi yó kò lè gba omi sọ́kàwéè mọ́, nítorí náà sọ́kàwéè tó ń ṣe dáadáa nínú ọ̀gbẹlẹ̀ lè kún lójijì lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta. Àmì rẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni omi rẹ̀ kò ní lọ: ilé ìwẹ̀ á dúró, ilé ìgbẹ́ á máa hó. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fa sọ́kàwéè ni kí ẹ pè.

Ilé oúnjẹ tó ń se ọbẹ̀ fún èrò ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ da omi abọ́ tààrà sínú sọ́kàwéè. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà kọ́ kòtò ìgbaepo kékeré kan sí àárín síǹkì àti sọ́kàwéè. Omi á kọ́kọ́ dúró nínú rẹ̀, epo á léfòó, omi tó wà nísàlẹ̀ á sì máa bá páìpù ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ ó máa ṣí i, ẹ ó máa gbọ́n epo orí rẹ̀ dànù. Owó rẹ̀ kò tó ti gbígbẹ́ sọ́kàwéè tuntun rárá, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú orí yìí tó lérè tó o fún onílé oúnjẹ.

Ọṣẹ

Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun. Ìfófòó wọn pọ̀ jù. Omi ni pọ́ǹpù lè tì. Ìfófòó kò ṣe é tì, ṣe ni fáànù á máa yí láàárín afẹ́fẹ́. Ọṣẹ ti ẹ̀rọ ìfọbọ́ kì í fófòó, àmọ́ kò sí lọ́jà gbogbo, ẹ lè ní láti rà á ní Èkó tàbí Àkúrẹ́ kí ẹ sì kó o pa mọ́. Bí ẹnì kan bá ti lo ọṣẹ mìíràn, ẹ gbọ́n ìfófòó náà jáde, ẹ da omi tútù sí i, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe títí ìfófòó á fi tán.

Ẹ má sì da kọ́síítìkì sódà tàbí ásíìdì sínú ẹ̀rọ nítorí pé ó dí. Ó ń jẹ rọ́bà, ó ń jẹ irin, ó sì lè ta sí ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà lójú. Ásíìdì tó bá pàdé háípò nínú páìpù síǹkì kan náà máa ń mú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Ẹ̀mí lè lọ sí i.

Iná tí kò tó

Pọ́ǹpù tó ń kùn láìyí lè máa jẹ̀bi ohun tó jẹ́ ẹ̀bi iná. Ẹ̀rọ tó wá láti Jámánì tàbí Ìlú Ọba ń retí nǹkan bíi fóòtì 230. Bí iná bá rọ̀ wálẹ̀ dé fóòtì 160 ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lò ó, iná ojú ẹ̀rọ lè ṣì máa tàn, àmọ́ pọ́ǹpù lè má lágbára tó. Ẹ dán ẹ̀rọ náà wò ní òru tàbí lórí jẹnẹrétọ̀ tó dára. Bó bá da omi nù dáadáa, ẹ ra sitebiláísà tó lè gbé e, kí ẹ má ra pọ́ǹpù.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá tún ní ti ara rẹ̀. Fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún, iná wọn sì ń yí padà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa jẹ́ ìgbà 50. Ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀ lè sọ 230 di 120, kò lè sọ 50 di 60. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn pọ́ǹpù kékeré wọ̀nyí kò ní sáré ju ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré tó yẹ kí wọ́n sá, omi á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á fún ilé oúnjẹ.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ

Èyí tó ń ṣí ilẹ̀kùn níwájú sábà máa ń ní asẹ́ pọ́ǹpù ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ìdérí kékeré kan. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ sábẹ́ rẹ̀, ẹ yí i jẹ́jẹ́. Pín-ìnì irun, bọ́tìnì àti wáyà kọ́ọ̀sẹ́ẹ̀tì ni ẹ máa bá níbẹ̀. Lójú LG, OE ni yóò kọ bí omi kò bá jáde. Ti Samsung jẹ́ 5E tàbí 5C.

Èyí tó ní ihò méjì, tí ẹ máa bá jù ní ilé wa, yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní pọ́ǹpù rárá. Omi ń fúnra rẹ̀ ṣàn jáde ni. Nítorí náà họ́ọ̀sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, kò gbọdọ̀ gòkè níbì kankan. Bí ẹ bá kọ́ ọ sókè bíi ti ẹ̀rọ ìfọbọ́, omi kò ní lọ. Bí họ́ọ̀sì bá wà nílẹ̀ tí omi ò sì lọ, ẹ wo okùn tó so kọ́ọ̀bù ìdomi mọ́ ìdérí inú rẹ̀. Ó máa ń já tàbí kó yọ.

Bó bá kọjá agbára yín

Bí asẹ́ bá mọ́, tí fáànù ń yí, tí họ́ọ̀sì kò dí, tí síǹkì ń gba omi, tí iná tó, tí omi ò sì lọ, ìgbà náà ni pọ́ǹpù di ẹni tí à ń fura sí. Ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ ka àmì tí ẹ̀rọ kọ fún un, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò, kó má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí owó yín. Bó bá ní pọ́ǹpù ti jóná, ẹ ní kó fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín. Púpọ̀ nínú pọ́ǹpù tó ń lo fóòtì 230 máa ń fi nǹkan bí 150 sí 200 óòmù hàn. Bí mítà bá dá a mọ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bá èyí mu, wáyà inú pọ́ǹpù kò tíì já, ẹ má sì sanwó tuntun títí yóò fi fi ìdí mìíràn hàn yín. Bí mítà kò bá mọ̀ ọ́n lára rárá, ó ti kú, ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gba ògbólógbòó rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀.